Sennakeribu àti Hesekiah: Ẹ̀kọ́ nípa Ìgbéraga àti Agbára Ogun

Nínú ẹ̀kọ́ ti oṣù yìí, a bẹ ẹ̀yin olùkàwé wa, pàápàá ẹ̀yin olùkọ́, kí ẹ ṣí Ìwé Kejì Àwọn Ọba, orí 18 àti 19, kí ẹ sì fi Isaiah orí 36 àti 37 sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ìtàn tí ó wà níbẹ̀ kì í ṣe àjèjì sí yín: Sennakeribu ọba Assíríà gbógun ti Jérúsálẹ́mù, ó fọ́nnu, ó sì padà lọ sí ilẹ̀ rẹ̀ láì wọ ìlú náà. Ọ̀pọ̀ ènìyàn a máa sọ ọ́ bí ẹni pé ìgbéraga jẹ́ ohun ìní ẹni tí ó ní ọmọ ogun, tí ìrẹ̀lẹ̀ sì jẹ́ ti ẹni tí kò ní. Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀ ni, ẹ̀kọ́ náà ì bá ti tán kí a tó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, nítorí kò sí ẹnìkan nínú wa tí ó ní kẹ̀kẹ́ ogun. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá fara balẹ̀ ka ìtàn yìí yóò rí i pé ìgbéraga wà ní ìhà méjèèjì odi, àti pé ohun tí a fi ń mọ̀ ọ́n kì í ṣe iye ọmọ ogun, bí kò ṣe irú ìṣirò tí ènìyàn ń ṣe nípa ara rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ mọ irú ìjọba tí Assíríà í ṣe. Sennakeribu fi Nínéfè ṣe olú ìlú rẹ̀, ní etí odò Tígírísì, ní ilẹ̀ tí a ń pè ní Ìráàkì lónìí. Agbára rẹ̀ nà láti etí òkun Páṣíà títí dé ìtòsí Égíptì. Ọ̀nà tí wọ́n fi ń ṣàkóso kò ní ṣòro fún ọmọ Yorùbá láti lóye: ìlú tí ó bá tẹríba a máa san ìṣákọ́lẹ̀ lọ́dọọdún, èyí tí ó bá kọ̀, wọn a wó odi rẹ̀, wọn a kó àwọn ènìyàn rẹ̀ lọ tẹ̀ dó sí ilẹ̀ àjèjì, wọn a sì fi ajẹ́lẹ̀ jẹ lé ìyókù lórí. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe sí Samáríà ní nǹkan bí ọdún 722 ṣáájú ìbí Olúwa wa. Ní ọdún 705, Sargoni, bàbá Sennakeribu, kú lójú ogun ní ọ̀nà jíjìn, a kò sì rí òkú rẹ̀ gbé wálé sin. Bí ìròyìn náà ti ń tàn kálẹ̀, àwọn ọba tí ń sìn ín bẹ̀rẹ̀ sí fa ọrùn wọn yọ kúrò nínú àjàgà lọ́kọ̀ọ̀kan. Hesekiah ọba Júdà wà nínú wọn. Nígbà tí ó di ọdún 701, Sennakeribu dé láti gba ohun tí ó pè ní tirẹ̀.

Kì í ṣe ẹ̀rí Bíbélì nìkan ni a ní lórí ọ̀rọ̀ yìí. Sennakeribu fúnra rẹ̀ ti ro ẹjọ́ tirẹ̀. Ní ọdún 1830, ọ̀gágun Gẹ̀ẹ́sì kan, Robert Taylor, rí òpó amọ̀ kékeré kan gbà ní Nínéfè, tí ó ní ìhà mẹ́fà, tí gíga rẹ̀ sì tó nǹkan bí 38 sẹ̀ǹtímítà. Láti ọdún 1855 ni ó ti wà ní ilé àkójọ ohun àtijọ́ ní Lọ́ńdọ̀nù, nítorí àwọn ìjọba ńlá a máa kó ẹrù àwọn ìjọba ńlá tí ó ti kọjá lọ. Ara òpó yìí ni a kọ àwọn ogun Sennakeribu sí ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Nígbà tí ó kan Júdà, ọba náà ka ohun tí ó ṣe bí oníṣòwò ti í ka owó: ìlú olódi 46 ni ó ní òun gbà, yàtọ̀ sí àwọn ìletò kéékèèké, ènìyàn 200,150 ni ó ní òun kó jáde, ọmọdé àti àgbà, ọkùnrin àti obìnrin, lẹ́yìn èyí ni ẹṣin, ìbaaka, kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́, ràkúnmí, màlúù àti àgùntàn. Àwọn onímọ̀ ti jiyàn púpọ̀ lórí iye ènìyàn náà, ọ̀pọ̀ nínú wọn kò sì gbà pé ó lè pọ̀ tó bẹ́ẹ̀. Wúrà tálẹ́ńtì 30 ni ó ní Hesekiah san fún òun. Bíbélì pẹ̀lú wí bẹ́ẹ̀ gan-an. Fàdákà tí ó kọ sílẹ̀ jẹ́ tálẹ́ńtì 800. Ti Bíbélì jẹ́ 300. Ní ti Hesekiah fúnra rẹ̀, ó fi í wé ẹyẹ tí a há mọ́ inú àgò.

Ẹ dúró díẹ̀ níbi ẹyẹ yẹn. Kò sí ọdẹ tí ó pa ẹran tí yóò lọ sílé lọ máa ròyìn bí òun ti há a mọ́ inú igbó. Ẹni tí ó ka ìlú 46 ì bá ka ìkẹtàdínláàádọ́ta, tí ó ṣe pàtàkì ju gbogbo wọn lọ, bí ó bá ti gbà á. Kò kà á. Gbogbo ọ̀rọ̀ rẹ̀ lórí Jérúsálẹ́mù jẹ́ nípa ohun tí ó jáde láti ibẹ̀. Kò sí ọ̀kan nípa bí òun ti wọ ibẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni oríkì àwọn jagunjagun wa pẹ̀lú rí: a máa ka odi tí wọ́n fò, kì í ka ọjọ́ tí wọ́n yí ẹ̀yìn. Ẹni tí ó bá fẹ́ mọ ìgbéraga ọba, kí ó má wo ohun tí ọba náà kọ sílẹ̀ nìkan, kí ó wo ohun tí ó fò pẹ̀lú.

Ohun tí ó fi dípò Jérúsálẹ́mù ni Lákíṣì. Ìlú yìí wà ní nǹkan bí 40 kìlómítà sí Jérúsálẹ́mù, ní ìhà gúúsù òun ìwọ̀-oòrùn, òun ni ó sì tẹ̀ lé e ní agbára ní gbogbo ilẹ̀ Júdà. Nígbà tí Austen Henry Layard wú ààfin Sennakeribu jáde ní Nínéfè, láàárín ọdún 1845 sí 1851, ó bá iyàrá kan tí a fi òkúta gbígbẹ́ bo ògiri rẹ̀; ogun Lákíṣì nìkan ni a gbẹ́ sí ara wọn. Ẹ̀yin olùkọ́ tí ẹ bá rí àwòrán wọn nínú ìwé, ẹ fi han àwọn ọmọ. A rí òkìtì tí àwọn ará Assíríà mọ gun odi ìlú. A rí ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wó odi, àti ògùṣọ̀ oníná tí àwọn ará ìlú ń jù lé e láti òkè. A rí àwọn tafàtafà, a sì rí ọkùnrin mẹ́ta tí a ta mọ́ orí igi ṣónṣó. Lẹ́yìn náà ni àwọn ìdílé ń jáde lọ: màlúù ń fa kẹ̀kẹ́, ẹrù wà lórí kẹ̀kẹ́, àwọn obìnrin àti ọmọ wẹ́wẹ́ sì jókòó lé ẹrù náà. Níwájú gbogbo wọn ni Sennakeribu wà lórí ìtẹ́, tí a ń kó ìkógun kọjá lójú rẹ̀.

Òkìtì náà ṣì wà ní Lákíṣì títí di òní. Àwọn tí ó wú ilẹ̀ ibẹ̀ ní ọgọ́rùn-ún ọdún tí ó kọjá rí orí ọfà àti òkúta kànnàkànnà níbẹ̀, wọ́n sì rí òkìtì kejì nínú ìlú, èyí tí àwọn ará Lákíṣì fi ìkánjú kó jọ sí ẹ̀yìn odi wọn láti fi dí ibi tí ọ̀tá fẹ́ gbà wọlé. Kò gbà wọ́n. Nígbà tí a bá ń fi ayọ̀ kọ́ àwọn ọmọ pé Jérúsálẹ́mù bọ́, ẹ jẹ́ kí a rántí àwọn tí ó wà lórí kẹ̀kẹ́ màlúù yẹn. Àwọn pẹ̀lú ń gbàdúrà.

Láti Lákíṣì ni ọba ti rán Rabṣake àti ogun ńlá lọ sí Jérúsálẹ́mù. Oyè ni Rabṣake, kì í ṣe orúkọ. Olórí agbọ́tí ọba ni. Ó dúró lẹ́bàá ojú omi adágún òkè, lójú ọ̀nà pápá afọṣọ, níbi tí àwọn tí ó wà lórí odi ti lè gbọ́ ohùn rẹ̀, èdè Júdà ni ó sì fi sọ̀rọ̀. Eliakimu, Ṣebna àti Joa, àwọn ìjòyè Hesekiah, bẹ̀ ẹ́ kí ó sọ èdè Síríà tí àwọn gbọ́, kí ọ̀rọ̀ náà má baà dé etí àwọn ará ìlú. Ó kọ̀, ó sì tún gbé ohùn sókè sí i. Àwọn àgbà wa ní bí a bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, à fi ti ọmọ jẹ́ ẹ. Rabṣake kò fi ti ọmọ jẹ́ tirẹ̀. Ó sọ fún àwọn tálákà orí odi irú ohun tí ebi yóò sọ di oúnjẹ fún wọn, ní ọ̀rọ̀ tí ẹ ó bá nínú Bíbélì yín, tí àwa kò ní tún kọ síhìn-ín.

Ṣáájú èyí, ó ti mú ọ̀rọ̀ kan wá tí ó dùn mọ́ ọn lẹ́nu: kí Hesekiah bá ọba Assíríà dá ẹ̀jẹ́, òun yóò fún un ní ẹṣin 2,000, bí ó bá lè rí ènìyàn tí yóò gùn wọ́n. Ẹ̀gàn ńlá ni, ó sì dunni nítorí pé òtítọ́ ni. Júdà kò ní ẹni tí yóò gùn wọ́n. Ó ka àwọn ìlú tí òrìṣà wọn kò lè gbà sílẹ̀, Hamati àti Arpadi, Sefarfaimu àti Samáríà. Òtítọ́ ni èyí pẹ̀lú. A kò lè pe Rabṣake ní òpùrọ́ lórí iye tí ó kà. Ibi tí ó ti ṣìnà ni pé ó rò pé ohun tí òun kà tán ni gbogbo ohun tí ó wà. Isaiah ti wí èyí ní orí 10, nígbà tí ó fi Assíríà wé àáké tí ń fọ́nnu sí ẹni tí ń fi í gé igi. Ẹ kíyèsí i pé Isaiah kò sọ pé àáké náà kò mú. Ó mú púpọ̀púpọ̀. Bí ó ti mú tó ni ó mú kí ó gbàgbé pé ọwọ́ kan di òun mú.

Kí ni Hesekiah ṣe? Ó ti kọ́kọ́ gbìyànjú owó. Ó ránṣẹ́ sí ọba ní Lákíṣì pé òun ti ṣẹ̀, ó kó gbogbo fàdákà ilé Olúwa àti ti ààfin fún un, ó sì bó wúrà ara ìlẹ̀kùn tẹ́ńpìlì tí òun fúnra rẹ̀ ti fi bò wọ́n. Èyí kì í ṣe ìrẹ̀lẹ̀. Ẹni tí a fi idà sí lọ́rùn a máa tẹríba. Ìrẹ̀lẹ̀ rẹ̀ hàn nígbà tí ìwé ọba Assíríà dé, tí ó gbé e lọ sí ilé Olúwa tí ó sì tẹ́ ẹ sílẹ̀ níbẹ̀. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ ka àdúrà rẹ̀ ní orí 19, ẹsẹ 15 dé 19, kí ẹ sì dúró lórí ẹsẹ 17. Níbẹ̀ ni ó ti gbà pé lóòótọ́ ni àwọn ọba Assíríà ti sọ àwọn orílẹ̀-èdè àti ilẹ̀ wọn di ahoro. Kò sọ fún Ọlọ́run pé ọ̀tá kò lágbára. Kò sọ pé ọmọ ogun tòun tó. Gbogbo iye tí Rabṣake kà ni ó gbà gẹ́gẹ́ bí òtítọ́, ó wá fi Ẹni tí Rabṣake kò kà kún un. Àwọn kan rò pé ìrẹ̀lẹ̀ ni kí ènìyàn máa bu ara rẹ̀ kù láàárín àwùjọ, kí a lè máa bẹ̀ ẹ́ pé kí ó má sọ bẹ́ẹ̀ mọ́. A kò rí irú rẹ̀ nínú àdúrà yìí.

Ìrẹ̀lẹ̀ náà kò sì sọ ọ́ di ọ̀lẹ. Ogun àgbọ́tẹ́lẹ̀ kì í pa arọ tí ó bá gbọ́n. Kí ogun tó dé ni ó ti tún odi ṣe, tí ó sì darí omi wọ inú ìlú. Ní ọdún 1970, Nahman Avigad bẹ̀rẹ̀ sí wú odi kan jáde ní Jérúsálẹ́mù tí nínípọn rẹ̀ tó mítà 7. Àwọn onímọ̀ kà á sí iṣẹ́ ìgbà ayé Hesekiah, orí ìpìlẹ̀ ilé àwọn ará ìlú ni a sì mọ ọ́n gbà. Isaiah orí 22 mẹ́nu ba irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀, pé wọ́n ka ilé Jérúsálẹ́mù, wọ́n wó ilé láti fi mú odi le, wọ́n sì ṣe ibi ìkómi sí, ṣùgbọ́n wọn kò wo Ẹni tí ó ti pèsè rẹ̀. Èyí fi hàn pé ní àárín odi pẹ̀lú, ìṣirò kan wà tí kò pé.

Ṣùgbọ́n iṣẹ́ omi náà jẹ́ ohun tí ó yẹ kí a sọ díẹ̀ sí i. Ihò tí a gbẹ́ nínú àpáta ni, gígùn rẹ̀ tó mítà 533. Ìhà méjì ni àwọn agbẹ́hò ti bẹ̀rẹ̀, tí wọ́n sì pàdé lábẹ́ ilẹ̀. Ní ọdún 1880 a rí ìkọ̀wé kan lára ògiri ihò náà; ó wà ní Ìsítáńbùlù báyìí. Ó sọ bí àwọn agbẹ́hò ti ń gbọ́ ohùn ara wọn nígbà tí ó kù díẹ̀ kí wọ́n pàdé, bí irinṣẹ́ ti ń dojú kọ irinṣẹ́, àti bí omi ti ṣàn. Nínú gbogbo ohun tí a rí kà lára òkúta náà, orúkọ ọba kan kò sí níbẹ̀. Ẹ fi èyí wé òpó amọ̀ ti Nínéfè.

Báwo ni Sennakeribu ti ṣe padà? Bíbélì wí pé áńgẹ́lì Olúwa pa 185,000 ní ibùdó Assíríà ní òru ọjọ́ kan. Herodotus, òpìtàn Gíríìkì, gbọ́ ìtàn mìíràn ní Égíptì, pé àwọn eku jẹ okùn ọrun àti apó ọfà ogun Sennakeribu ní òru. Sennakeribu ní tirẹ̀ kò sọ nǹkan kan, ìwà rẹ̀ sì ni. Kí a má sì sọ ìtàn náà kọjá bí ó ti rí: Júdà kò bọ́ lọ́wọ́ ìṣákọ́lẹ̀. Manasse ọmọ Hesekiah wà lára àwọn ọba tí Esarhaddoni, ọmọ Sennakeribu, kà sí ìránṣẹ́ rẹ̀. Ìlú kan ṣoṣo ni ó kù ní ìdúró láàárín ilẹ̀ tí a ti run.

Sennakeribu pẹ́ láyé sí i. Ní ọdún 689 ó pa Bábílónì run tí ó fi fi omi gba ibẹ̀ kọjá. Ní ọdún 681 àwọn ọmọ rẹ̀ pa á. Bíbélì dárúkọ Adrammeleki, a sì ti rí orúkọ náà nínú lẹ́tà Assíríà kan pẹ̀lú, gẹ́gẹ́ bí Simo Parpola ti fi hàn ní ọdún 1980. Ní ọdún 612 àwọn ará Bábílónì àti àwọn ará Médíà kó Nínéfè, wọ́n sì sun ún. Lára òkúta Lákíṣì tí a sọ ṣáájú, ojú Sennakeribu ti bàjẹ́ lórí ìtẹ́ rẹ̀. Àwọn onímọ̀ rò pé ṣe ni ẹnìkan fi ọwọ́ ara rẹ̀ ha á dànù.

Bí a bá dúró níhìn-ín, àwọn ọmọ yóò lọ sílé pẹ̀lú ìdùnnú, ẹ̀kọ́ náà kò sì ní tíì kàn wọ́n. Ẹ jẹ́ kí a ka 2 Ọba orí 20. Ìránṣẹ́ Merodaki-Baladani ọba Bábílónì wá kí Hesekiah lórí àìsàn rẹ̀, Hesekiah sì mú wọn yí gbogbo ilé ìṣúra rẹ̀ ká: fàdákà, wúrà, tùràrí, òróró, àti ilé ohun ìjà. Kò sí ohun kan tí kò fi hàn wọ́n. Bíbélì gbé e sí ẹ̀yìn ogun náà, ṣùgbọ́n àwọn onímọ̀ púpọ̀ gbà pé ó ṣáájú rẹ̀, nítorí ọdún 703 ni Merodaki-Baladani jọba kẹ́yìn, àti nítorí pé lẹ́yìn ọdún 701 kò sí ìṣúra tí yóò fi han ẹnikẹ́ni mọ́. Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, kì í ṣe ìkíni lásán ni wọ́n bá wá. Ìmọ̀ràn ọ̀tẹ̀ sí Assíríà ni. Ní àkókò yìí kan náà, gẹ́gẹ́ bí Sennakeribu ti wí, Hesekiah gba Padi, ọba Ekroni tí kò fẹ́ ṣọ̀tẹ̀, lọ́wọ́ àwọn ènìyàn rẹ̀, ó sì dè é sí Jérúsálẹ́mù. Nítorí náà ọba kékeré tí a há mọ́ inú àgò yìí ti ní àgò tirẹ̀ tí ó há ọba mìíràn mọ́. Òun pẹ̀lú ti ka ohun ìní rẹ̀ lójú àlejò. 2 Kronika 32 sì sọ ọ́ gbangba pé ọkàn rẹ̀ gbéga, kí ó tó wá rẹ ara rẹ̀ sílẹ̀.

Èyí tí ó burú jù dé lẹ́yìn ikú rẹ̀. Àwọn ọmọ àwọn tí a gbà là bẹ̀rẹ̀ sí rò pé ìlú náà kò lè bọ́ sọ́wọ́ ọ̀tá láéláé. Tẹ́ńpìlì ni wọ́n ń pè bí ẹni ń pe ọfọ̀. Ẹ ka Jeremiah orí 7. Àánú tí a ṣe fún bàbá wọn ni wọ́n sọ di ẹ̀tọ́, tí wọ́n sì ń fi fọ́nnu bí Rabṣake ti fi ẹṣin fọ́nnu. Ní ọdún 586 àwọn ará Bábílónì, tí bàbá ńlá wọn ti rí ilé ìṣúra, wó odi náà, wọ́n sì sun tẹ́ńpìlì.

Ohun kan ṣoṣo láti ìgbà Hesekiah ni ó gba ènìyàn là ní àkókò ìkẹyìn yẹn, kì í sì í ṣe odi. Ní ayé Hesekiah, Mika ará Moreṣeti, ìletò kan ní agbègbè Lákíṣì, wá sọ fún àwọn ará Jérúsálẹ́mù pé a ó ro Síónì bí oko. Ará oko ni, ó sì ń bú olú ìlú. Hesekiah kò pa á. Ó bẹ̀rù Olúwa, ó sì gbọ́. Ó sún mọ́ ọgọ́rùn-ún ọdún lẹ́yìn náà, nígbà Jehoiakimu, tí Jeremiah sọ irú ọ̀rọ̀ kan náà, tí àwọn àlùfáà àti àwọn wòlíì sì ní kí a pa á. Ọba yìí ti pa Uriah wòlíì nítorí irú rẹ̀, lẹ́yìn tí ó rán ènìyàn lọ mú un wá láti Égíptì. Ṣùgbọ́n àwọn àgbà kan dìde nínú àwùjọ, wọ́n rántí Mika, wọ́n sì rántí ohun tí Hesekiah ṣe fún un; Ahikamu ọmọ Ṣafani dúró ti Jeremiah, a kò sì fi í lé àwọn ènìyàn lọ́wọ́ láti pa.